Humidifier wà lára furnace, ilé ṣì gbẹ: ká tún un ṣe, ká pààrọ̀ rẹ̀, àbí ká dí ihò ilé?

Ẹni tó bá ti lo ìgbà òtútù kan ní Chicago, Minneapolis tàbí Toronto á mọ irú gbígbẹ tí mò ń sọ. Ètè á là, gìgísẹ̀ á là, imú ọmọdé á máa ṣẹ̀jẹ̀ lóru. Ẹ ó fọwọ́ kan irin ìlẹ̀kùn, iná á ta yín. Ilẹ̀ onípákó á máa ya láàárín. Ẹni tó fi dùndún kọ́ sára ògiri pálọ̀ á rí i pé awọ rẹ̀ ti le ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa tí a dàgbà nínú ọyẹ́ máa ń rò pé òrí àti omi mímu ló máa yanjú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ilé tí furnace ń mú gbóná lóṣù kìíní lè gbẹ ju ìta Ìbàdàn lọ nígbà ọyẹ́.

Èyí tó ń dun ènìyàn jù ni pé humidifier, ẹ̀rọ tó yẹ kó fi ọ̀rinrin sínú afẹ́fẹ́, wà níbẹ̀. Wọ́n ti so ó mọ́ furnace kí ẹ tó ra ilé, ilé sì gbẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá èyí tó tóbi jù. Màá fi àwọn tó wà lọ́jà wéra fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí: iye gálọ́ọ̀nù tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ló yẹ kó pinnu ohun tí ẹ máa rà. Iye wákàtí tí furnace yín ń fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́, àti bí ilé yín ṣe ń jò tó (ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ń gba ihò rẹ̀ wọlé tó), ni kí ẹ fi pinnu.

Ibi tí gbígbẹ náà ti ń wá

Furnace kì í fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ tútù kò lè gbé omi púpọ̀. Tí ìta bá wà ní dígírì 14 ní Fahrenheit, tí ọ̀rinrin ibẹ̀ jẹ́ 80%, ìgbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá gba ihò ilé wọlé tí furnace sì gbé e dé 70, ọ̀rinrin rẹ̀ á já sí nǹkan bí 9%. Omi inú rẹ̀ kò dín, àyè tó lè gba omi ló pọ̀ sí i. Torí náà, gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń yọ́ wọlé ni gbígbẹ ti ń wọlé.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi

Ẹ má fi ètè wọn ọ̀rinrin. Ẹ ra hygrometer kékeré, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ọ̀rinrin, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, kí ẹ gbé e sí pálọ̀ tàbí yàrá, jìnnà sí ibi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ti ń tú jáde àti sí ilé ìdáná. Àwọn olówó pọ́ọ́kú yìí máa ń ṣìnà, nítorí náà ẹ fi iyọ̀ dán an wò. Ẹ bu iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ kán omi díẹ̀ sí i kí iyọ̀ náà rin gbingbin ṣùgbọ́n kó má yọ́. Ẹ gbé òun àti hygrometer sínú ọ̀rá tó ṣeé dé pa, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó yẹ kó ka 75%. Tó bá ka 70, ẹ mọ̀ pé ó ń fi 5 dín, kí ẹ máa fi kún un nígbà tí ẹ bá ń kà á.

Àjọ EPA ti ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ọ̀rinrin ilé má kọjá 60%, pé láàárín 30 sí 50% ló dára jù. Ṣùgbọ́n ìta ló ń sọ ibi tí ẹ lè dé láàárín ìwọ̀n yẹn. Ìlànà tó wà lára ọ̀pọ̀ humidistat, ìyẹn bọ́tìnnì tí a fi ń yan ìwọ̀n ọ̀rinrin, rí báyìí: tí ìta bá jẹ́ dígírì 40, ẹ yí i sí 45%, tó bá jẹ́ 20, ẹ yí i sí 35%, 10, 30%, òdo, 25%, tó bá lọ sí 20 sísàlẹ̀ òdo, 15% péré. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago balẹ̀ dé 23 sísàlẹ̀ òdo. Ẹni tó rí 15% lára hygrometer rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò ní ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹni tó bá sì fi agídí yí i sí 40%, gíláàsì fèrèsé á làágùn, omi náà á dì, férémù onígi á jẹrà, ẹ̀yìn kọ́ńbọ́ọ̀dù tó kọjú sí ògiri ìta á sì máa bu láìsí ẹni tó rí i.

Tí ìta bá wà ní dígírì 30 tí ọ̀rinrin ilé yín ṣì ń ka 18%, ẹjọ́ wà nílẹ̀ nìyẹn.

Omi, afẹ́fẹ́, wákàtí

Nǹkan mẹ́ta ni humidifier ara furnace nílò: omi tó ń gba orí páàdì (ohun oníhò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ tí omi ń rin) kọjá, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fẹ́ gba inú páàdì náà, àti àkókò tó pọ̀ tó. Omi ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, torí náà ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ yí humidistat sókè pátápátá nígbà tí furnace bá ń mú ilé gbóná. Ẹ ó gbọ́ ìró kékeré kan, “kà”, lára fáàfù oníná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ wo páìpù rọ́bà tó ń gbé omi tó ṣẹ́kù lọ sí ọ̀nà ìdàomi. Ó yẹ kí omi tín-ín-rín máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Tí omi bá ń sọ̀, fáàfù ń ṣí, ẹ kọjá sórí páàdì. Tí kò bá sí omi rárá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Lára páìpù bàbà, wọ́n sábà máa ń de fáàfù kékeré kan tó fi abẹ́rẹ́ gún páìpù. Ihò abẹ́rẹ́ yẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìdọ̀tí díẹ̀ á dí i pa. Bí púlọ́ńbà bá wá sílé yín, kódà fún iṣẹ́ mìíràn, ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò kó fi fáàfù gidi tó ń ṣí tán, tó ń tì tán, rọ́pò rẹ̀. Ó tọ́ sí owó yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni asẹ́ kékeré inú fáàfù oníná, àti ihò tí omi ń gbà yọ sí orí páàdì. Ihò náà kò ju ẹnu abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ, ẹfun inú omi sì ń gbá jọ síbẹ̀. Ẹ pa iná furnace ní ṣíwìṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ti omi, ẹ tú u, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà. Tí ìró “kà” yẹn kò bá dún rárá, ọ̀rọ̀ ti di ti iná: ọ̀pọ̀ fáàfù wọ̀nyí ń lo volt 24 tó ń ti tìránsífọ́mà kékeré wá. Ẹni tó mọ mítà iná lò lè wọ̀n ọ́n lára fáàfù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan ibi tí wọ́n kọ HUM sí nínú furnace fúnra rẹ̀. Nínú furnace mìíràn, volt 120 ló wà níbẹ̀, iná tó lè pa ènìyàn ni. Ẹ pe oníṣẹ́.

Páàdì wá ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ jáde síbi ìmọ́lẹ̀. Tuntun rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, ìmọ́lẹ̀ á máa là á já. Èyí tó ti gbó á ti funfun kankan, á le, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹfun á máa run sílẹ̀. Omi tó bá dé orí irú páàdì bẹ́ẹ̀ á kàn wá ojú ọ̀nà kan ṣoṣo gbà sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ìyókù á gbẹ, afẹ́fẹ́ á kọjá láìgbé nǹkan kan. Ẹ ó rí omi ní ìsàlẹ̀, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ń lọ. Páàdì tuntun lọ́dọọdún kí òtútù tó bẹ̀rẹ̀ ni ó tọ́. Níbi tí omi ti ní ẹfun púpọ̀, pàápàá omi kànga, ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ bá ń fi tuntun sí i, ẹ wò ó bóyá ó ní àmì ọ̀dà, torí ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì ló ń wà lókè. Ẹ sì fọ àwo tí omi ń kọ́kọ́ dà sí lókè páàdì, torí pé ojú ihò inú rẹ̀ náà ń dí.

Ti afẹ́fẹ́ kò gùn. Irú humidifier tí wọ́n ń pè ní bypass ní páìpù ńlá kan tó so ọ̀nà afẹ́fẹ́ gbígbóná pọ̀ mọ́ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà padà, ìlẹ̀kùn kékeré kan sì wà nínú páìpù náà tí a ń tì nígbà ooru. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n gbàgbé rẹ̀ ní títì. Ẹ yí ọwọ́ rẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ WINTER sí. Ẹ tún wo fílítà furnace, èyí tó ti dí á dín afẹ́fẹ́ kù fún ohun gbogbo.

Ti wákàtí ni àwọn ènìyàn kì í rò. Humidifier tó so mọ́ furnace, ọ̀pọ̀ wọn, ìgbà tí furnace bá ń jó nìkan ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Furnace tó tóbi ju ilé lọ á mú ilé gbóná ní ìṣẹ́jú díẹ̀, á pa, á tún tàn. Ní gbogbo ìgbà tó wà ní pípa, omi kò lọ. Ẹ lè pààrọ̀ páàdì títí, kò ní yí i padà.

Ká wá fi wọ́n síra

| | Bypass | Onífáànù | Onísítíìmù | Èyí tí a ń gbé kiri |
|---|---|---|---|---|
| Ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ | Nígbà tí furnace bá ń jó | Bákan náà | Ó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí fáànù furnace nìkan ń fẹ́ | Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ |
| Ohun tó ń jẹ jù | Omi | Omi, iná díẹ̀ | Iná mànàmáná | Àkókò yín |
| Ohun tí a ń pààrọ̀ | Páàdì | Páàdì | Agolo tó ń se omi | Wíìkì, tàbí kò sí |
| Àyè | Ó nílò páìpù láàárín ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjèèjì | Ó nílò àyè ẹ̀gbẹ́ kan péré | Àyè àti wáyà iná tirẹ̀ | Orí ilẹ̀ tàbí tábìlì |

Láàárín bypass àti onífáànù, ìyẹn èyí tó ní fáànù tirẹ̀ dípò páìpù ńlá, ìyàtọ̀ kò tó bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pariwo rẹ̀. Ẹ wo ti ilé iṣẹ́ Aprilaire: bypass wọn tí wọ́n pè ní 600 ń fún ilé ní gálọ́ọ̀nù 17 lójúmọ́, 700 tó ní fáànù ń fún un ní 18. Tí furnace yín bá wà ní kọ̀rọ̀ tí kò sí àyè fún páìpù bypass, ẹ ra onífáànù. Tí àyè bá wà, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa san owó lé e. Àwọn méjèèjì ń da omi nù sí ọ̀nà ìdàomi, torí omi tó ń ṣàn yẹn ló ń fọ ẹfun kúrò lára páàdì. Ẹni tó ń ra omi níyelórí á fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, ẹ fojú sí gálọ́ọ̀nù 17 yẹn, torí ibẹ̀ ni ìpinnu wà. Ó jẹ́ nǹkan bíi lítà 64, ṣùgbọ́n iye tí ẹ̀rọ máa ṣe ni, tí furnace bá jó wákàtí 24 láìsinmi. Tí tiyín bá ń jó wákàtí 12, lítà 32 ni ẹ ní. Ẹ mú ilé tó jẹ́ 2,000 square feet, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ìta wà ní dígírì 20, ẹ fẹ́ 35% nínú ilé. Tí ilé náà bá dí dáadáa, tó jẹ́ pé ìdajì afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń pààrọ̀ ní wákàtí kan, omi tó nílò jẹ́ nǹkan bíi lítà 24 lójúmọ́, ọbẹ̀ sísè àti omi wíwẹ̀ á sì san díẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ilé náà bá ń jò débi pé gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kan, lítà 48. Bypass kan náà, furnace kan náà: ilé àkọ́kọ́ yó, ilé kejì gbẹ. Onífáànù pẹ̀lú lítà díẹ̀ tó fi lé e kò lè gba ilé kejì.

Onísítíìmù lè gbà á. Òun ń se omi fúnra rẹ̀ títí yóò fi di oru, kò dúró de furnace. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbà á nímọ̀ràn fún ẹni tí furnace rẹ̀ ń jó fún ìgbà kúkúrú láìsí bí a ṣe lè ṣe é, àti fún ilé tó ń lo heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru láti ìta wá sínú ilé. Afẹ́fẹ́ heat pump kì í gbóná tó ti furnace onígáàsì, páàdì tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í sì gbẹ kíákíá, tí ó túmọ̀ sí pé omi kò wọnú afẹ́fẹ́. Tí ẹ kò bá ní owó onísítíìmù, ẹ ní kí wọ́n fi omi gbígbóná fún bypass yín dípò omi tútù, ó ń ranni lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tó ń jẹ. Lítà omi kan láti inú ẹ̀rọ tó di oru gba iná tó súnmọ́ kilowatt-hour 0.7. Ilé tó dí, tó nílò lítà 24, á jẹ kilowatt-hour bíi 17 lójúmọ́. Èyí tó ń jò á jẹ bíi 34. Bypass náà ń lo ooru, ara gáàsì furnace ló ti ń yọ ọ́, gáàsì sì rọ̀ ju iná mànàmáná lọ ní Chicago. Ẹ̀rọ onísítíìmù tó ń fi iná àárín irin méjì se omi kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú omi tí a ti sẹ́ mọ́ pátápátá, torí pé iyọ̀ inú omi ló ń gbé iná kọjá. Omi tó ti gba ẹ̀rọ ìrọ̀-omi (èyí tó ń yọ ẹfun kúrò nínú omi) kọjá náà lè da agolo rẹ̀ láàmú, ẹ bi olùtajà nípa rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Agolo yìí ni ẹ ó máa rà lọ́dọọdún, owó rẹ̀ sì ju ti páàdì lọ dáadáa.

Irú ògbólógbòó kan ṣì wà nínú àwọn ilé àtijọ́, tí ìlù kànìnkànìn ń yí nínú abọ́ omi. Omi tó dúró sójú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ afẹ́fẹ́ tí gbogbo ilé ń mí ni. Ẹ má tún un ṣe. Ẹ yọ ọ́.

Ayálégbé àti yàrá kan ṣoṣo

Ẹni tó ń gbé àpátímẹ́ǹtì kò lè gé páìpù lanlọ́ọ̀dù. Méjì ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tí a ń gbé kiri. Ultrasonic kéré, kì í pariwo, ó sì rẹwà pẹ̀lú ìkùukùu rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wà nínú omi ló ń fọ́n sáfẹ́fẹ́, ẹfun àti kòkòrò tí a kò lè fojú rí. Omi ẹ̀rọ lásán nínú rẹ̀ á fi lẹ́búlẹ́bú funfun lé orí tẹlifíṣọ̀n, inú imú ọmọ náà ló sì ń lọ. Omi tí a sẹ́ mọ́, tí wọ́n ń pè ní distilled, ni ó yẹ fún un. Èkejì ní wíìkì tó ń fa omi sókè tí fáànù ń fẹ́ sí; ó tóbi, a máa gbọ́ ìró rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹfun á kù sára wíìkì. Fún yàrá ọmọ, èkejì yìí ni mo yàn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó ń se omi gbóná nínú yàrá, ẹ má gbé e síbi tí ọmọ tó ń rìn lè fà á lulẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ da omi rẹ̀ nù lójoojúmọ́, ẹ fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní ráyè fún ìyẹn, kó má rà á.

Kí ẹ tó pe ẹni tó máa so tuntun

Ilé tó ń jò kò tíì tó ẹ̀rọ ńlá rà. Ẹ lọ sí òkè àjà lọ́jọ́ òtútù, ẹ fọwọ́ yí ìlẹ̀kùn àjà ká, ibi tí wáyà àti páìpù ti gba àjà kọjá, ìsàlẹ̀ ilé níbi tí igi ti jókòó lórí kọnkéré, àti fireplace tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò pa dé. Ibi tí ọwọ́ yín bá ti tutù, caulk (àtè tí a fi ń dí ihò), fóòmù tàbí rọ́bà ẹnu ìlẹ̀kùn ló nílò. Iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni fún ọ̀pọ̀ ilé, ó sì ń dín owó gáàsì kù pẹ̀lú. Ilé tó ní gáàsì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí carbon monoxide, gáàsì olóró tí kò ní òórùn, bá wà, ẹ sì má dí ihò tí furnace ń gbà mí láé.

Tí ẹ bá ti dí ihò, tí páàdì tuntun wà níbẹ̀, tí omi ń sọ̀, tí ìlẹ̀kùn bypass ṣí, tí hygrometer tí iyọ̀ ti jẹ́rìí sí ṣì wà ní 22% nígbà tí ìta jẹ́ dígírì 30, ẹ lè pe oníṣẹ́ láìní kó máa bá yín sọ ìtàn. Ẹ bi í léèrè wákàtí tí furnace yín ń jó lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ thermostat ìgbàlódé ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lè fi hàn án lórí fóònù yín. Ẹ bi í bóyá humidistat máa wà ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà padà, torí èyí tí wọ́n bá fi sí ọ̀nà afẹ́fẹ́ gbígbóná kò ní ka òótọ́ inú ilé. Ẹ bi í bóyá ó máa gbé ẹ̀rọ tó ń wo òtútù ìta mọ́ ọn, kí ẹ má baà máa sáré lọ yí bọ́tìnnì ní gbogbo ìgbà tí òtútù bá yí padà. Tó bá jẹ́ onísítíìmù ló ń tà, kó sọ iye ampere tó nílò àti bóyá pánẹ́ẹ̀lì iná yín ní àyè. Kó sì fi ibi tí omi tó ṣẹ́kù máa dà sí hàn yín, torí omi tó ń jáde lára onísítíìmù gbóná gan-an, páìpù tó kàn wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè má gbà á.